Ìkọ́ yẹtí tó fò mọ́ òòfà

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni Màmá Ìbejì, aládùúgbò wa, dá yẹtí tí mo fi wáyà ṣe bí ìgbín fún wọn padà, nínú ọ̀rá kékeré kan tí wọ́n so lẹ́nu. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ ẹ dára, etí mi ni ò gbà á." Ni wọ́n bá ká ìborùn wọn sókè kí n lè rí i. Etí ti wú, ó pọ́n, omi ń jáde lójú ihò. Yẹtí yẹn ni wọ́n sì fi ṣe ìgbéyàwó ọmọ wọn obìnrin ní Sátidé! Oúnjẹ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi lọ́jọ́ náà. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ̀wé nípa àpò irinṣẹ́ yẹtí tí mo rà ní ₦14,500 ní ṣọ́ọ̀bù ìlẹ̀kẹ̀ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wáyà ṣe yẹtí nílé mọ ohun tó máa ń wà nínú irú àpò bẹ́ẹ̀: wáyà bàbà, ẹ̀mú, àti ìkọ́ tí wọ́n ń kì bọ ihò etí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin wáyà bàbà wọn, torí ó yẹ fún ìyìn. Ti nọ́ńbà 18, tó nípọn tó mìlímítà kan, ni mo fi ń ṣe ara ìgbín. Ti 26, tó tín-ín-rín bí òwú, ni mo fi ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. (Bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ni wáyà ń tín-ín-rín sí i. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀, mo sì ti tìtorí ẹ̀ fi owó ṣòfò rí.) Wáyà yìí ń gbọ́ tọwọ́. Tí mo bá ti fi ẹ̀mú ẹlẹ́nu roboto di orí rẹ̀ mú, tí mo ń yí i po, ìkarahun á máa jáde fúnra rẹ̀. Tó bá sì ti le jù nítorí pé mo tẹ̀ ẹ́ títí, mo máa ń gbé e sórí iná gáàsì títí á fi pọ́n, màá jù ú sómi, á tún rọ̀. Dúdú tó bá kù lára rẹ̀, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ló ń bó o, bí àwọn ìyá wa ṣe ń fọ idẹ. Mo ti fi ṣe adìẹ sí etí ọ̀tún, ẹyin sí etí òsì. Àgádágodo lápá kan, kọ́kọ́rọ́ lápá kejì. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì sanwó.

Ẹ̀mú wọn ò dára tó bẹ́ẹ̀, ó ń fi eyín sára wáyà. Mo fi téèpù wé e lẹ́nu.

Ìkọ́ wọn, tí mo fi sí yẹtí Màmá Ìbejì, ló bà mí nínú jẹ́. Àádọ́ta ni, funfun, ó ń dán, wọ́n kọ "silver 925" sára bébà rẹ̀. Ohun tí 925 túmọ̀ sí ni pé nínú ìdá ẹgbẹ̀rún, 925 jẹ́ fàdákà. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, mo tú sípíkà rédíò ìyá mi tó ti bàjẹ́, mo yọ òòfà inú rẹ̀, mo sún un mọ́ àwọn ìkọ́ tó kù. Gbogbo wọn ló fò mọ́ ọn. Òòfà kì í fa fàdákà. Irin ni wọ́n fi nǹkan funfun bò, níkẹ́ẹ̀lì ló sì sábà máa ń jẹ́. Níkẹ́ẹ̀lì yìí ni ara ọ̀pọ̀ èèyàn kì í gbà, débi pé àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù fi òfin de iye tó lè máa jáde lára ohun tí wọ́n bá kì bọ ihò etí.

Mo kọ̀wé sí ṣọ́ọ̀bù náà lórí WhatsApp ní aago méje àárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n kà á, wọn ò dáhùn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, ọmọkùnrin tó ń bá wọn tajà fi ohùn ránṣẹ́: "Àǹtí, silver ni jàre. Bóyá màmá yẹn ò fọ etí wọn ni."

Màmá tó ń fi omi gbígbóná fọ aṣọ ìnura ilé wọn! Mo wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, ní Ìkòròdú, lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́jọ́ náà gan-an.

Nígbà tí mo débẹ̀, ọmọ náà ò gbójú sókè. Ó nawọ́ sí ohun tí wọ́n kọ sára ògiri pé wọn kì í dá owó padà. Mo da ìkọ́ sórí tábìlì, mo gbé òòfà lé e. Ó ní òòfà mi ló le jù, pé kò sí ohun tí kò lè fà. Mo bọ́ òrùka fàdákà ọwọ́ mi, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òrùka ò mira. Obìnrin méjì tó ń ra ìlẹ̀kẹ̀ iyùn dá ọwọ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Ó wá ní, "Àǹtí, ṣé nítorí ìkọ́ ni ẹ ṣe ń pariwo báyìí?" N kò tilẹ̀ tíì pariwo nígbà náà. Ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀.

Àlàájà tó ni ṣọ́ọ̀bù ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àílà tán, tẹ̀súbáà ṣì wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n jáde láti ẹ̀yìn. Wọn ò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni, "Ẹni tó wọ̀ ọ́ ńkọ́? Etí ẹ̀ ti ń san?" Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gba òòfà lọ́wọ́ mi, wọ́n mú páálí mẹ́ta mìíràn sílẹ̀ látorí pẹpẹ, wọ́n dán wọn wò. Bákan náà ni gbogbo wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Wọ́n ti rẹ́ èmi náà jẹ." Wọ́n ní kí ọmọ náà kó gbogbo rẹ̀ kúrò lórí àtẹ, kó sì bẹ̀ mí. Ó dọ̀bálẹ̀.

Àlàájà fà mí jókòó. Inú báàgì tiwọn ni wọ́n ti mú wáyà fàdákà gidi jáde, nọ́ńbà 20, tó jẹ́ ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá mìlímítà. Àwọn fúnra wọn ló gbé e sún mọ́ òòfà kí n lè rí i. Wọ́n wé e mọ́ ìdí báírò, wọ́n gé e, wọ́n fi òòlù kékeré lù ú jẹ́jẹ́ kó lè le, wọ́n sì fi fáìlì èékánná kun ẹnu rẹ̀ títí kò fi gún ìka mọ́. Ìkọ́ mẹ́wàá la jọ ṣe níbẹ̀. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Wọn ò dá owó mi padà náà, nítorí mo ti lo àpò, mo sì gbà bẹ́ẹ̀.

Màmá Ìbejì gbà kí etí wọn jiná tán kí wọ́n tó tún ìgbín náà wọ̀, pẹ̀lú ìkọ́ tuntun. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án báyìí, kò yọ wọ́n lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n lánàá, mo rí ìkọ́ yẹn kan náà lórí status ṣọ́ọ̀bù wọn, pẹ̀lú "silver 925" lára rẹ̀. Mo fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí Àlàájà. Wọn ò tíì fèsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra ìkọ́ wọn. Ẹ ra wáyà bàbà wọn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún.