Dídí àlàfo olówó gọbọi nínú álíbọ́ọ̀mù owó àtijọ́: ìfiwéra fún olùrà ní ilẹ̀ Òkun

Ẹni tó bá ń to owó onírin tí a ti ná ní Nàìjíríà láti 1907 títí di ìgbà tí náírà dé ní 1973 sínú álíbọ́ọ̀mù yóò rí i pé ọ̀pọ̀ ojú ihò ibẹ̀ kì í pẹ́ kún. Kọ́bọ̀ onihò (pẹ́nì ayé Gẹ̀ẹ́sì), ṣílè onídẹ (kọ́bọ̀ méjìlá) àti tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta) onígun méjìlá ti 1959 ṣì wà nínú kólo àti nísàlẹ̀ àpótí àwọn ìyá àgbà ní Kábà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà àti ní Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Òkun, Ìpínlẹ̀ Kogí, iye tí wọ́n sì ń béèrè lórí wọn kì í ga ju agbára lọ. Lẹ́yìn èyí ni ojú ihò bíi mélòó kan yóò ṣẹ́ kù, tí owó tí a ó fi dí wọn lè ju gbogbo èyí tí a ti ná sẹ́yìn lọ. Lórí àwọn wọ̀nyí ni mo ṣe ìfiwéra yìí, nítorí ibẹ̀ ni olùrà ti sábà máa ń san owó ńlá sórí ohun tí kò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sọ owó di ọ̀wọ́n

Ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1912, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fàdákà rọ tọ́rọ́, sísì (kọ́bọ̀ mẹ́fà), ṣílè àti ẹyọ owó ṣílè méjì ní 1913. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí, fàdákà gbówó lórí gidigidi, wọ́n sì fi idẹ rọ́pò rẹ̀ ní 1920. Owó onífàdákà tó ti wà nílẹ̀ di ohun tí alágbẹ̀dẹ lè yọ́ fi ṣe ẹ̀gbà àti yẹtí. Ọ̀nínì ní ìtàn tirẹ̀: mẹ́wàá rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan, alumíníọ́ọ̀mù ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi rọ ọ́ ní 1907, ṣùgbọ́n ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, èyí tó mú kí wọ́n yí i padà sí àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì láti 1908. Alumíníọ́ọ̀mù tí ojú rẹ̀ ṣì mọ́, tí kò ní àpá jíjẹ, ṣòro láti rí.

Owó onihò ti 1936 tó ní orúkọ Ọba Edward Kẹjọ kò sí lára àwọn owó tó ṣọ̀wọ́n rárá. Ọba yẹn kò lo ọdún kan lórí ìtẹ́ kí ó tó fi í sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà, àwọn ará Britain fúnra wọn kò sì ná owó tó ní orúkọ rẹ̀, ìtàn yìí ni àwọn olùtà fi ń gbé owó lé e. Bẹ́ẹ̀ ilé ìrọwó mẹ́ta ló rọ kọ́bọ̀ rẹ̀ fún wa lọ́pọ̀ yanturu: èyí tí kò ní lẹ́tà wá láti London, èyí tó ní H wá láti ilé Heaton ní Birmingham, èyí tó ní KN wá láti King's Norton. Ẹ máa fi sùúrù dúnàádúrà lórí rẹ̀, kò ní tán nílẹ̀.

Èyí tó gbó àti èyí tí wọ́n ti fọ̀

Ẹ jẹ́ kí á gbé ẹyọ méjì owó onífàdákà ti ṣílè méjì sórí tábìlì kan náà. Ọ̀kan rí bí eérú, adé orí ọba ti pẹlẹbẹ, imọ̀ ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sì ti lẹ̀ mọ́ra wọn. Èkejì ń dán gbinrin. Iye kan náà ni olùtà ń béèrè lórí àwọn méjèèjì, ọ̀pọ̀ olùrà yóò sì mú èyí tó ń dán. Èyí tó rí bí eérú ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti mú.

Ẹ gbé èyí tó ń dán sábẹ́ iná, kí ẹ sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà tín-ín-rín tó gba ọ̀nà kan náà kọjá lójú ọba, tí ibi tó ga àti ibi tó jìn ń dán bákan náà, tí ìdọ̀tí dúdú sì há sáàárín àwọn lẹ́tà níbi tí aṣọ kò dé, a ti fọ̀ ọ́. Owó tó gbó fúnra rẹ̀ kì í rí bẹ́ẹ̀: ibi tó ga lára rẹ̀ máa ń funfun díẹ̀, ibi tó jìn yóò sì dúdú rẹ́súrẹ́sú, àwọ̀ méjèèjì yóò wọnú ara wọn láìsí ààlà. Ní ìletò wa, eérú, iyanrìn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n fi ń fọ owó, ìyá tó sì ṣe é kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, nítorí ìtọ́jú ló ka ìyẹn sí. Àmọ́ ara fàdákà tí iyanrìn ti họ kúrò kò lè padà, owó tí a bá sì san lé dídán náà lórí kò ní padà nígbà tí a bá fẹ́ tà á.

Ìjìnlẹ̀ ìyàtọ̀ mìíràn wà níbi irin. Ṣílè méjì ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ọdún ara rẹ̀ bá kọjá 1920 kò lè jẹ́ fàdákà, ohunkóhun tí olùtà ìbáà sọ; ti 1920 nìkan ló wà ní fàdákà àti ní idẹ. Bí wọ́n bá ti fi fàdákà bo idẹ, àwọ̀ pupa-rúsúrúsú yóò yọ ní etí owó àti lórí adé. Ṣílè méjì onífàdákà wúwo tó gíráàmù 11.31 nígbà tó jáde, ṣílè kan sì jẹ́ 5.65, gbígbó lè mú díẹ̀ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá dín púpọ̀ tàbí tí ó lé, ẹ má ṣe rà á.

Ti èyí tí wọ́n lu ní ihò láti fi kọ́ ọmọ lọ́rùn ńkọ́? Ní ọjà, ẹ má ṣe san ju iye fàdákà inú rẹ̀ lọ. Bí ó bá jẹ́ ti ìdílé yín, ohun iyebíye ni. Ojú ewé tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló yẹ ẹ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fi í sọ́rùn.

Èyí tó wà nínú ike àti èyí tó wà lọ́wọ́

Àwọn ilé iṣẹ́ bíi PCGS àti NGC ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1986 àti 1987, máa ń yẹ owó wò, wọn a fún un ní ìpele láti 1 dé 70, wọn a sì tì í mọ́ inú ike líle tó ní nọ́ńbà. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tó mọ irin ju àwa lọ ti wò ó, bí wọ́n bá sì ti fọ owó náà, wọn yóò kọ ọ̀rọ̀ náà Details sára ike. Ẹ fi nọ́ńbà náà wá a lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ náà kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì fi àwòrán ibẹ̀ wé owó tó wà níwájú yín, nítorí wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ike pẹ̀lú.

Ohun tí ẹni tó ń lo álíbọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé ike yìí kò lè wọ ojú ihò. Ẹ ó fọ́ ọ, tí owó tí ẹ san lórí ìpele yóò sì di òfo, tàbí kí àlàfo náà wà bẹ́ẹ̀. Dọ́là ni wọ́n sì fi ń tà á. Nítorí náà, ọ̀nínì alumíníọ́ọ̀mù ti 1907 tó mọ́ nìkan ni mo rí tí ike tọ́ sí, nítorí àpá jíjẹ rẹ̀ ṣòro fún ojú lásán láti dá mọ̀ yàtọ̀ sí àpá híhọ.

Kíkún gbogbo ọdún àti dídín álíbọ́ọ̀mù kù

Dídín álíbọ́ọ̀mù kù ni ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù. Ẹni tó ń wá ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú lẹ́tà ilé ìrọwó kọ̀ọ̀kan yóò ní àlàfo fàdákà tó pọ̀. Ẹni tó ń wá irú owó kọ̀ọ̀kan nìkan yóò ní mẹ́rin péré, ìyẹn tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì, ọdún yòówù kó jẹ́. Owó tí ẹni àkọ́kọ́ yóò fi ra ṣílè mẹ́ta tí ojú wọn ti bàjẹ́ lè ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dára fún ẹnì kejì.

Bí ohun tí ẹ fẹ́ fi hàn bá jẹ́ owó tí àwọn baba wa ná ní agbègbè yìí, ṣílè Britain ti Ọbabìnrin Victoria pàápàá ní àyè níbẹ̀, nítorí fàdákà Britain ni a ń ná ṣáájú 1913, òun náà ló sì ń wọlé gba ojú odò Ọya nígbà tí Lugard gbé àsíá sókè ní Lọ́kọ́ja ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900. Ṣílè Victoria tó gbó sì pọ̀ lọ́jà ju ti 1913 lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ sanwó

Ríra àpò owó lápapọ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan lè dín iye kù bí ẹ bá ní ẹni tí ẹ ó ta ìyókù fún. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ra ẹyọ tí ẹ nílò. Ẹ má ṣe rẹ́ àgbà jẹ: bí ẹ bá rí fàdákà láàárín idẹ, ẹ sọ fún wọn. Ẹ má ṣe fi ọ̀rá PVC (irú ike rírọ̀ kan) tọ́jú owó, nítorí ó máa ń tú omi aláwọ̀ ewé sára owó. Bí ẹ bá sì ń rà á lọ́nà jíjìn, ẹ béèrè àwòrán iwájú, ẹ̀yìn àti etí, pẹ̀lú owó náà lórí ìwọ̀n tí nọ́ńbà rẹ̀ hàn kedere, kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà. Olùtà tó bá kọ̀ láti fi owó sórí ìwọ̀n, ẹ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.