Yamaha SR400: ọwọ́ kékeré tó ń rọ kíìkì

SR400 kò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan alùpùpù. Ẹsẹ̀ tí ẹ fi tẹ irin tí wọ́n ń pè ní kíìkì nìkan ló ń jí i. Písítìn kan ṣoṣo tó fẹ̀ tó mìlímítà 87 ló wà nínú rẹ̀, kíìkì rẹ̀ sì le bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi ọwọ́ kékeré kan sábẹ́ ọwọ́ kúlọ́ọ̀ṣì. Tí ẹ bá fà á, fáàfù tí èéfín ń gbà jáde á là díẹ̀, kíìkì á rọ̀.

Ẹ ṣí kọ́kọ́rọ́, ẹ fa ọwọ́ náà, kí ẹ rọra tẹ kíìkì títí àmì fàdákà yóò fi yọ nínú gíláàsì rìbìtì tó wà lápá ọ̀tún orí ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi ọwọ́ náà sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí kíìkì padà sókè, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ délẹ̀ láìfọwọ́ kan tọ́tù, ìyẹn ibi tí ẹ ń yí láti fún ẹ́ńjìnnì lágbára. Ẹni tó bá ń kánjú já a lẹ́sẹ̀, ojúgun rẹ̀ ló ń sanwó. Nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ètò yìí máa ń súni o.

Wáyà ọwọ́ kékeré náà ni kí ẹ ṣọ́. Tó bá le jù, fáàfù ò ní pa dé, iná á sì jẹ ẹ́ létí. Tó bá dẹ̀ jù, ẹ ó kàn máa fà á lásán ni.

Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ́ńjìnnì yìí ń fa alùpùpù sẹ́yìn dáadáa: tọ́tù ti pa, písítìn ò rí afẹ́fẹ́ fà. Ẹ dín jíà kù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí táyà ẹ̀yìn má yọ̀. Ọwọ́ kékeré yẹn kì í ṣe búrẹ́ẹ̀kì. Ẹ má fà á lórí ìrìn.