Oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró: ọsibítù ìjọba tí wọ́n ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó

Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ máa ń ra oògùn yìí ní kẹ́míìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ yà sí ọsibítù ìjọba tó wà ládùúgbò yín. Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi lo tèmi sódì.

Kẹ́míìsì tí mo ti rà á n'Íbàdàn níbí, ẹni tó tà á fún mi kàn ju káàdì náà sínú ọ̀rá ni, "ẹ máa lo ọ̀kan lójúmọ́", ó parí. Hóró 28 ló wà nínú ẹ̀, 21 funfun, 7 bíráùn. Mo rò pé fìtámì lásán làwọn bíráùn yẹn, mo máa ń dà wọ́n nù, màá wá dúró kí nǹkan oṣù mi dá pátápátá kí n tó bẹ̀rẹ̀ káàdì tuntun, ìgbà míì ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá. Lóṣù kẹrin, nǹkan oṣù ò wá. Àyà mi já, ọmọ mi tó wà lọ́wọ́ ò tí ì pé ọdún méjì! Mo fi sitíríìpù yẹ ara mi wò lẹ́ẹ̀mejì, kò sóyún, mo bá gba ọsibítù lọ.

Màmá nọ́ọ̀sì tí mo bá níbẹ̀, wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìfúnpá mi wò, wọ́n bi mí bóyá mò ń lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tàbí ti wárápá torí àwọn kan nínú wọn máa ń dín agbára ẹ̀ kù. Wọ́n wá gbé káàdì sọ́wọ́ mi, "ìyàwó mi, fi ìka tọ ọfà tí wọ́n yà sára ẹ̀ yìí." Mo tọ̀ ọ́ dé hóró ìkẹyìn. Wọ́n ní irin tó ń fún ni lẹ́jẹ̀ ló wà nínú bíráùn, òun kọ́ ló ń dènà oyún, àmọ́ òun ni ò ní jẹ́ kí n ṣi ọjọ́ kà. Tó bá tán lónìí, lọ́la ni káàdì tuntun, ẹ̀jẹ̀ ì báà ṣì máa dà, torí tí àlàfo tó wà láàárín hóró funfun tó kẹ́yìn àti funfun àkọ́kọ́ nínú káàdì tuntun bá ti ju ọjọ́ méje lọ, ẹyin lè jáde. Háà! Ibi tí tèmi ti ń jò nìyẹn.

Mo bi wọ́n nípa ọ̀kan tó há mi lọ́fun nígbà tí mo gbé e mì láìlómi nínú ọkọ̀. Wọ́n ní ó máa yọ́ wọlé náà ni, kí n ṣáà máa fomi gbé e. Tí mo bá bì kó tó pé wákàtí mẹ́ta, kí n lo òmíì. Tí mo bá gbàgbé ọ̀kan, kí n lò ó bí mo bá ṣe rántí, tó bá ti di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀, kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ méje. Nínú 100 obìnrin tó ń lò ó pẹ̀lú gbogbo ìgbàgbé wa yìí, bíi 7 ló ń lóyún lọ́dún kan, tí wọ́n bá lò ó déédéé, kì í tó ẹyọ kan.

Ohun tí mi ò fẹ́ níbẹ̀ ni pé yàrá yẹn ò nílẹ̀kùn, gbogbo àwọn tó tò síta ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni, mo sì dé láago mẹ́jọ, mọ́kànlá ti lù kó tó kàn mí. Ẹ bá wa fi kọ́tìnnì síbẹ̀, torí ìtìjú á lé ọ̀pọ̀ èèyàn padà sí kẹ́míìsì.

Káàdì kejì ni mo wà báyìí, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni álámù mi ń dún, mo sì ń gbé bíráùn náà mì.