Ẹ̀rọ Olùdarí Ìgbóná fún Omi Oníyọ̀

Nínú yàrá wa ní Àjàṣẹ́, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, mo ń sin ẹja òkun àti iyùn (ẹ̀dá ẹlẹ́mìí inú òkun) nínú àpótí gíláàsì tó gba 200 lítà. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, irin tó ń já iná nínú ẹ̀rọ amómigbóná mi lẹ̀ pọ̀, kò sì já iná mọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ti dé 31°C, iyùn méjì sì kú. Ó dùn mí gan-an.

Ìdí nìyí tí mo fi ra ẹ̀rọ olùdarí tí a ń gbé kọ́ sí ìta àpótí, èyí tó ń wọn ìgbóná omi, tó sì ń já iná amómigbóná bí omi bá ti gbóná tó. Ara rẹ̀ ni mo ki okùn iná amómigbóná sí. Mo gbé e sí 26°C, mo sì gbé amómigbóná fúnra rẹ̀ sí 27°C, kí ó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kọ̀ tí kò já iná, èkejì yóò já a. Oṣù mẹ́rin rèé tí ọkàn mi ti balẹ̀.

Ariwo ìkìlọ̀ ẹ̀rọ olùdarí náà kéré jù, kò dé yàrá kejì. Ẹ sì rí i pé ẹ de okùn tó fi ń wọn omi mọ́ra dáadáa, nítorí bí ó bá yọ síta, afẹ́fẹ́ tútù ni yóò máa wọ̀n, kò sì ní já iná, àyàfi 27°C ti amómigbóná nìkan ni yóò gba ẹja là.