Seeburg M100C: ẹ má wo ojú rẹ̀ nìkan

Jukebox (ẹ̀rọ orin tí oníbàárà máa ń ju owó sí kó lè yan orin) tí àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń yà sórí pátákó ilé ọtí wọn ni Wurlitzer 1015 ti ọdún 1946, èyí tí omi ń hó nínú ọ̀pá aláwọ̀ tó yí i ká. Ó rẹwà lóòótọ́, àmọ́ orin 24 péré ló gbà, àwo 78 (tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan) tó tètè ń fọ́ ló sì ń lò. Fún ẹni tó fẹ́ kí oníbàárà máa ju owó sí i lálaalẹ́, Seeburg M100C ti 1952 ni mo fara mọ́. Àwo 45 bíi 50 ló wọ inú rẹ̀, ojú méjèèjì ló sì ń kọ, orin 100 nìyẹn. Ìta rẹ̀ ló wà níbẹ̀rẹ̀ Happy Days, eré Amẹ́ríkà kan lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má sì jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí ẹni tó ń tà á bá bu owó lé e nítorí ìyẹn.

Òòró làwọn àwo náà dúró, bí ìwé lórí pẹpẹ. Ẹ̀rọ tó gbé abẹ́rẹ́ ń rìn lórí irin gbọọrọ bíi rélùwéè. Tó bá dé ọ̀dọ̀ àwo tí wọ́n yàn, apá kan á fà á yọ, gbogbo ilé á sì máa wò ó láti inú dígí. Kì í tò ó bí ẹ ṣe sanwó o. Èyí tó bá kọ́kọ́ bá pàdé lójú ọ̀nà ló máa kọ. Oníbàárà á ráhùn, àmọ́ ó sàn lójú tèmi ju àwọn ti íntánẹ́ẹ̀tì ìsinsìnyí lọ, níbi tí ẹni tó fowó kún owó ti ń fò kọjá lórí ẹlòmíì.

Gíríìsì ni ọ̀tá rẹ̀. Ó ti gan bí ọ̀dà láti ọjọ́ yìí wá. Bí ẹ̀rọ bá ń lọ tó ń bọ̀ tí kò dúró, tàbí tí apá náà gbé àwo dé ìdajì tó há, gíríìsì ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ẹ má da epo tuntun lé e: á rọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, á sì tún gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ tú u, ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ tó kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ díẹ̀díẹ̀ sí oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo rọ́bà tí mọ́tò jókòó lé pẹ̀lú. Tó bá ti rì, mọ́tò á wọ́, á sì máa pariwo.

Bó bá ti pẹ́ tí wọn ò tàn án, ẹ má kì í bọ iná láti dán an wò. Tíúbù inú amplifier (apá tó ń sọ ohùn di ńlá) kì í sábà bàjẹ́. Àwọn capacitor oníbébà, àwọn ohun kéékèèké tó ń tọ́jú iná pa mọ́, ló ń jò. Ẹ pààrọ̀ wọn tán ná. Iná inú rẹ̀ lè pani, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára iná.

Abẹ́rẹ́ mónò (fún àwo olóhùn kan ṣoṣo) ni tirẹ̀, ó ń jẹ ojú àwo sitẹrió (olóhùn méjì). Ẹ má fi èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn sí i.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé e wá sí Èkó tàbí Lọ́ńdọ̀nù, transformer á sọ iná di 110, àmọ́ kò lè sọ 50 Hz (iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) di 60 ti Amẹ́ríkà. Mọ́tò á falẹ̀, àwo 45 á máa yí ní 37.5, ohùn olórin á sì wúwo bíi ti ẹni tó ń tòògbé. Inverter tó ń mú 60 Hz jáde ló lè yanjú ẹ̀. Ẹ wo ara rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó, torí 50 ni ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà wa.