Ẹ kíyè sí àwọn tó ń ta arère ní owó ọ̀gànwó

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi pákó alahọ́n bo ògiri pálọ̀, ìyẹn pákó tí ahọ́n wà létí rẹ̀ kan, tí kòtò wà létí kejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ìbáà jẹ́ Bódìjà n'Ìbàdàn tàbí Èbúté Mẹ́ta l'Ékòó lẹ ti fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ ka èyí.

Igi arère funfun, ó sì fúyẹ́, èékánná lásán ń dá ojú sí i lára. Wọ́n á kun dáì pupa sí i, wọ́n á fi fánníṣì lé e, ló bá di ọ̀gànwó. Ẹ má wo ojú rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n fi ayùn gé íǹṣì kan kúrò lórí rẹ̀ níṣojú yín: ọ̀gànwó pọ́n dénú, dáì kì í wọlé tó bẹ́ẹ̀. Arère kì í ṣe igi burúkú o, ṣùgbọ́n kòkòrò fẹ́ràn rẹ̀, owó rẹ̀ ò sì tó ti ọ̀gànwó rárá.

Èyí tó ń dunni jù ni pákó tútù. Ẹni tó ń tà á á ní inú ẹ̀rọ ló ti gbẹ. Pákó íǹṣì 4 tó tutù lè súnkì tó mílímítà 5 lára ògiri, ahọ́n rẹ̀ kì í sì í sábà ju mílímítà 9.5 lọ. Bí ahọ́n bá ti yọ kọjá ìdajì, àlàfo á là, pákó á máa mì. Nínú yàrá AC, kì í pẹ́ rárá. Ẹ gé ègé kan láàárín pákó, torí orí rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sínú ófùn ní bí 103°C títí ìwúwo rẹ̀ kò fi ní dín mọ́. Bí giráàmù 500 bá di 400, omi inú rẹ̀ jẹ́ giráàmù 100, ìyẹn ìdá 25 nínú 100 ìwúwo igi gbígbẹ náà, 400. Kò yẹ kó ju 15 lọ. Ti yàrá AC, 12.

Ẹ ṣọ́ iye tí wọ́n bá kà fún yín náà. Ògiri tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tó ga ní 10, tí ẹ fẹ́ to pákó íǹṣì 4 sí ní ìdábùú, wọ́n á ní 30 ti tó. Kò tó. Ahọ́n ti jẹ íǹṣì 3/8 lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, 34 lẹ máa lò, láìka èyí tó máa bàjẹ́. Bí ẹ bá sì padà wá ra mẹ́rin, àwọ̀ rẹ̀ kì í sábà bá ti àkọ́kọ́ mu.

Ìdajì owó ni kí ẹ san. Bí wọ́n bá já ẹrù, ẹ fa pákó márùn-ún yọ láti àárín, kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣà sókè, kí ẹ tì wọ́n wọnú ara. Bó bá di pé òòlù lẹ fi ń lù ú kó tó wọlé, tàbí tó wọlé tán tó ṣì ń mì, ẹ dá gbogbo rẹ̀ padà kí ọkọ̀ tó lọ.