Ilé-ìwé ìjọba mẹ́ta nílùú kékeré Òkè-Ògùn: èwo ló yẹ ọmọ yín?

Ní ọ̀pọ̀ ìlú kékeré Òkè-Ògùn, oríṣi ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba mẹ́ta lẹ máa bá: èyí tí ìjọ Onítẹ̀bọmi tàbí Àgùdà dá sílẹ̀ kí ìjọba tó gbà á lẹ́yìn ọdún 1970, L.A. (Local Authority, ilé-ìwé ìjọba ìbílẹ̀) tó ti wà láti ìgbà ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ní 1955, àti èyí tí ará ìlú fọwọ́ ara wọn kọ́ sẹ́yìn ìlú. SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló ń gba tíṣà fún gbogbo wọn, kò sì sí èyí tó ń gba owó ilé-ìwé.

Ilé-ìwé ìjọ ni gbogbo ayé ń sáré lọ torí orúkọ, ohun tó sì ń bà á jẹ́ náà nìyẹn. Ìlànà ìjọba ni ọmọ 35 fún tíṣà kan. Níbi tí ọmọ mẹ́rin bá ti fún ara wọn mọ́ bẹ́ǹṣì ẹni méjì, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. Tíṣà tó ní ìwé 70 láti máàkì kì í kà á, ìlà pupa ló máa ń fà gba ojú ewé kọjá.

L.A. ló sábà máa ń rẹwà jù: ọ̀dà tuntun, tànkì omi lókè. Ẹ ṣí ẹnu ẹ̀rọ wò kí ẹ tó yìn ín. Bí àwọn tíṣà bá tún ń ti Ìsẹ́yìn tàbí Ìbàdàn wá, aago mẹ́wàá ni wọ́n ń dé lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì kò sì ní í ṣú bá wọn.

Tèmi o, ti ẹ̀yìn ìlú ni mo fara mọ́, bí tíṣà ibẹ̀ bá jẹ́ ará ìlú. Òótọ́ ni pé bí òjò bá ń lu páànù, ẹnikẹ́ni ò lè gbọ́ ohùn tíṣà. Wọ́n tún lè pa Prámárì 3 àti 4 pọ̀ mọ́ tíṣà kan. Èyí kì í ṣe àbùkù bó bá pín pátákó sí méjì, tí kíláàsì kan ń ṣe ìṣirò nígbà tí èkejì ń kàwé sí i létí. Àmọ́ bó bá ní kí àwọn méjèèjì da nóòtù kan náà kọ, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ìwé ìṣirò ọmọ Prámárì 4 ni kí ẹ fi dán gbogbo wọn wò. Ẹ wo déètì: ìṣirò yẹ kó wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tó pọ̀ jù nínú ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí ọmọ ti gba òdo. Ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ 42 − 17 = 35, torí pé wọ́n yọ 2 kúrò nínú 7 dípò kí wọ́n yá mẹ́wàá. Tíṣà tó dáńtọ́ á ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́: 12 yọ 7 ku 5, 3 yọ 1 ku 2, ó di 25. Èyí tó kàn fi X sí i tó kọjá lọ, ọmọ á gbé àṣìṣe yẹn dé girama.

Ẹ má tìtorí oúnjẹ ọ̀fẹ́ yàn. Prámárì 1 sí 3 nìkan ni ètò ìjọba àpapọ̀ wà fún, wọ́n sì dá a dúró ní 2024. Ṣáláńgá ṣe pàtàkì jù ú lọ: bí kọ́kọ́rọ̀ rẹ̀ bá wà lápò ọ̀gá ilé-ìwé, inú igbó ni àwọn ọmọ ń lọ.

Ẹ lọ wò wọ́n ní aago mẹ́jọ ààbọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí ẹ sì padà lọ lẹ́yìn ìsinmi lọ́jọ́ Ẹtì. Kì í ṣe lọ́jọ́ ọjà o, ọmọ kì í pé níbì kankan lọ́jọ́ náà. Ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti fọ́tò pélébé ni kí ẹ mú dání fún ìforúkọsílẹ̀ oṣù Kẹsàn-án. Ẹni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, ẹ gba rìsíìtì lọ́wọ́ rẹ̀.